Ẹ̀rọ ìtukọ̀ nínú jíìmù: kí ló dé tí okun ń tán ní abala kẹta?

Òwúrọ̀Kùtù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tinú rower (ẹ̀rọ ìtukọ̀). Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọmọ ọdún 38 ni mí, kílò 84 ni mo wọ̀n. Ẹ̀rọ ìtukọ̀ Concept2 tó ní ojú PM5, ibi tí nọ́ńbà ti ń hàn, ló wà ní jíìmù àdúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń lò ó, ohun kan náà sì ni mò ń ṣe: mítà 500 lọ́nà mẹ́jọ, ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín wọn. Dámpà (ohun tí wọ́n fi ń ṣí atẹ́gùn sí fáànù ẹ̀rọ) wà ní 10. Abala àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ 1:48. Ìkẹta ti di 2:02. Ìkẹjọ á wá já sí 2:21, òòyì á sì ti máa kọ́ mi. Mítà 2000 mi jẹ́ 8:04.

Ṣé kí n sọ dámpà kalẹ̀ ni, àbí 10 yẹn ló ń fún ara lágbára? Báwo ni mo ṣe máa pín okun mi tí abala mẹ́jọ á fi dọ́gba? Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń ro mí lẹ́yìn eré, itan kì í ro mí rárá. Àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti ń bó. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Àjẹ̀Gígùn

Ẹ kú ìbéèrè. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ti ń rojọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti dámpà.

Ilẹ̀kùn atẹ́gùn lásán ni dámpà. Tó bá wà ní 10, atẹ́gùn rẹpẹtẹ ló ń wọ inú fáànù, fáànù á sì tètè dẹwọ́ kẹ́ ẹ tó padà wá fa ìkejì. Ẹ̀yin lẹ ó tún máa jí i dìde ní gbogbo ìgbà. Tó bá wà ní 3 tàbí 4, ó ṣì ń yí geere nígbà tẹ́ ẹ bá dé iwájú. Bí fáànù ṣe ń dẹwọ́ láàárín ìfà kan sí èkejì ni ẹ̀rọ náà ń kà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣírò iṣẹ́ yín. Nítorí náà, wáàtì 200 ni wáàtì 200, dámpà ì báà wà ní 2 tàbí ní 10. Ibi tí ẹrù náà ń bọ́ sí lára nìkan ló yàtọ̀. Ní 10, ìfà kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbé àpò sìmẹ́ńtì nílẹ̀, bó bá sì ti rẹ itan, ẹ̀yìn ló ń gba ìyókù.

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara dámpà pàápàá kò ṣeé gbọ́kàn lé, torí 5 lórí ẹ̀rọ tó mọ́ yàtọ̀ sí 5 lórí èyí tí eruku ti dí. Drag factor, nọ́ńbà tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe ń mú kí fáànù dẹwọ́ tó, ni kẹ́ ẹ máa wò. Lórí PM5, ẹ tẹ More Options, kẹ́ ẹ tẹ Display Drag Factor, ẹ wá fa ẹ̀rọ náà bí ìgbà mẹ́wàá, nọ́ńbà á yọ. Ẹ máa sún dámpà sókè sódò títí tó fi máa wà láàárín 115 sí 130. Èmi á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 120. Lórí ẹ̀rọ tuntun, dámpà 10 lè kọjá 200, ẹ wo bí ibi tẹ́ ẹ ti ń fà á ṣe jìnnà tó.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe ń pín okun. Split (àkókò tí mítà 500 ń gbà) àti wáàtì kì í jọ rìn bákan náà. Ìṣirò tí Concept2 ń lò nìyí: ẹ sọ split di sẹ́kọ́ńdì, ẹ pín in sí ọ̀nà 500, ẹ fi èsì náà lu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta (a × a × a), kẹ́ ẹ wá fi ohun tó jáde pín 2.80. 1:48 jẹ́ wáàtì 278. 2:21 jẹ́ wáàtì 125. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ní abala ìkẹjọ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Mítà 2000 yín sì jẹ́ 2:01 fún mítà 500 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wáàtì 198. Ẹni tí 198 ni tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tó wá fi 278 ṣílé, gbèsè ló jẹ níbẹ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú kan ò sì lè san án.

Ẹ mú ọ̀kan nínú méjì yìí. Tó bá jẹ́ iyára lẹ fẹ́, ẹ fa mítà 500 lọ́nà mẹ́jọ pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 30. Kí méje àkọ́kọ́ wà ní 1:59, kẹ́ ẹ wá da ohun tó bá kù sí ìkẹjọ. Tó bá jẹ́ ìsinmi ìṣẹ́jú kan lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2:05, ìyẹn wáàtì 179. Á jọ pé ó rọrùn jù ní abala kìíní àti ìkejì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má fi kún un. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àròpín abala mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ọ̀sẹ̀ yìí ló máa di ohun tẹ́ ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ojú ara yín ka àkókò ìsinmi, PM5 á bá yín ṣe é: Select Workout, New Workout, Intervals: Distance, ẹ kọ 500 sí i, ẹ kọ 3:30 sí ìsinmi. Fún ìgbéra, ìfà àkọ́kọ́ àti ìkejì jẹ́ ìlàjì irin tí ìjókòó ń yọ̀ lé, ìkẹta jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkẹrin ló máa gùn dé òpin. Ẹni tó bá fi ìfà gígùn jí fáànù tó dúró dìde ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ tọrọ.

Àti pé ẹ má fa abala kankan láìjẹ́ pé ara ti gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ní nǹkan bí 2:30, ìfà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ìfà mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta ní split tẹ́ ẹ fẹ́ lò gan-an, kẹ́ ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan rọra fà láàárín.

Ìyá_Jíìmù

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Àjẹ̀Gígùn. Èmi á mú ti ẹ̀yìn àti ti ọwọ́.

Ẹ̀yìn ro, itan ò ro: apá àti ẹ̀yìn lẹ fi ń fa ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí wà fún. A kàn ń pè é ní fífà ni, títì ló jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níwájú, níbi tí ìfà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojúgun méjèèjì dúró ṣánṣán, wọn kò kọjá bẹ́ẹ̀. Apá nà tọ́ọ́rọ́. Èjìká wà níwájú ìgbáròkó díẹ̀, bí ọwọ́ aago tó wà ní 1. Àyà ṣí, ẹ̀yìn kò tẹ̀ kọdọrọ. Gìgísẹ̀ lè gbéra díẹ̀, kò burú. Ẹsẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ tì, bí ẹni fẹ́ ti pátákó ìfẹsẹ̀tì jìnnà sí ara rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, apá àti èjìká kò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n so mọ́ ìdìmú bí okùn. Ìgbà tí ìdìmú bá ti kọjá orúnkún ni ara ó tó fi sẹ́yìn dé bí aago 11, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni ìgbọ̀nwọ́ á ká, tí ìdìmú á sì kan ara lábẹ́ ọmú, lókè ìdodo. Tẹ́ ẹ bá ń padà lọ síwájú, ẹ yí i po: apá nà, ara tẹ̀ síwájú, orúnkún wá ká gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ká orúnkún kí ìdìmú tó kọjá á máa gbé ṣéènì fo orúnkún bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Tí ṣéènì bá ń lọ sókè sódò, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀.

Àṣìṣe tó ń ba ẹ̀yìn jẹ́ jù ni kí ìdí sá lọ kí ìdìmú tó gbéra. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ó ga tó ìjókòó, ẹ gba fídíò ìfà mẹ́wàá nígbà tó bá ti rẹ̀ yín, kì í ṣe ìgbà tí ara ṣì yá. Ẹ wá rọra wò ó. Ìjókòó àti ìdìmú gbọ́dọ̀ jọ rìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí ìjókòó bá ti rìn mẹ́wàá tí ìdìmú ò tíì rìn ju méjì lọ, ẹsẹ̀ ti ná agbára rẹ̀ sí òfìfo, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ nìkan ló kù tó máa fa ìyókù. Ohun tó ń fà á ni pé ikùn ti dẹ̀, tàbí pé ẹ ti rọ́ ara síwájú jù kẹ́ ẹ lè rí irin púpọ̀ sí i.

Oògùn rẹ̀ nìyí, kẹ́ ẹ sì lò ó kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ tú okùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ fà pẹ̀lú ẹsẹ̀ nìkan, apá nà, ara kò kúrò ní aago 1, ìgbà ogún. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ àti ara, ìgbà ogún. Ẹ wá fi apá kún un. Bí ẹsẹ̀ bá ń fò kúrò lórí pátákó nígbà tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀yìn, ẹ ti rọ́ sẹ́yìn jù nìyẹn tàbí ó ti mọ́ yín lára láti máa fi okùn fa ara yín padà.

Okùn ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lórí ibi tó fẹ̀ jù ní ẹsẹ̀, nídìí ọmọ ìka, kì í ṣe àárín ẹsẹ̀. Tó bá ga jù, ẹ sún ibi ìfẹsẹ̀tì sí ihò míì. Tí ara kò bá lè tẹ̀ síwájú dáadáa, ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ní ihò kan, ìgbáròkó á rí àyè.

Ti ọwọ́: ìka lẹ fi ń kọ́ ìdìmú, bí ẹni fi ìka kọ́ báàgì ọjà. Àtẹ́lẹwọ́ kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀, ó kàn sinmi ni. Ọrùn ọwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí apá bá ti ń gan láti ìgbọ̀nwọ́ wá sí ọwọ́, ẹ ti di ìdìmú mú jù.

Ìrora ẹ̀yìn tó bá ń sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrora ẹ̀gbẹ́ ìhà tó ń gún nígbà tẹ́ ẹ bá mí kanlẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá ń wúkọ́. Eegun ìhà tó sán máa ń ṣe àwọn atukọ̀, kò sì gba àfaradà.

Òwúrọ̀Kùtù

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti sún drag factor sí 122, dámpà wà ní 6. Mo ṣì fẹ́ béèrè méjì: wọ́n ní Tabata oníṣẹ́jú mẹ́rin ti tó, ṣé ó lè rọ́pò gbogbo èyí? Àti pé yàrá wa máa ń gbóná, pàápàá tí iná bá lọ. Ọjọ́ mélòó ló yẹ kó le láàárín ọ̀sẹ̀?

ÌlùỌkàn

Ti Tabata: Izumi Tabata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1996, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, sẹ́kọ́ńdì 20 ní agbára tó tó nǹkan bí ìdá 170 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ń gba gbogbo atẹ́gùn tí ara lè lò, ìsinmi sẹ́kọ́ńdì 10, wọ́n sì ń dúró níbi tí ẹni náà bá ti kùnà, bí ìkeje tàbí ìkẹjọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ní jíìmù tí wọ́n ń pè ní Tabata kò le tó ìdajì ìyẹn. Lórí rower, ó tún ní wàhálà tirẹ̀: nínú sẹ́kọ́ńdì 20, ìfà mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lọ sí jíjí fáànù, sẹ́kọ́ńdì 10 kò sì tó fún ẹni tí èémí ń ká mọ́ láti tún ìjókòó ṣe. Ìfà ń bàjẹ́, ẹ̀yìn ń jìyà rẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀yìn ń ro báyìí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lo sẹ́kọ́ńdì 30 líle, sẹ́kọ́ńdì 30 pẹ̀lẹ́, ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́rin, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ má dá fáànù dúró láàárín wọn.

Tó bá jẹ́ pé èémí lẹ fẹ́ kọ́, èyí tí mo gbà gbọ́ jù ni ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, tí àwọn oníwádìí Norway gbé lárugẹ. Ìlù ọkàn wà ní ìdá 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ga jù tí ọkàn yín lè lù, ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lẹ́ ní nǹkan bí ìdá 70 láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọdún yín kúrò nínú 220, ó jẹ́ 182, nítorí náà 164 sí 173. Ìfojúdá ni 182 yẹn o, ti èèyàn kan sí èkejì lè fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀. Nínú ìṣẹ́jú kìíní àti ìkejì abala àkọ́kọ́, ìlù ọkàn kò ní tíì dé 164. Ẹ má lépa rẹ̀. Ọkàn máa ń pẹ́ kó tó bá ẹsẹ̀, ẹni tó bá fi ìkánjú lé e á ti kú tán ní abala kejì. Ẹ di 2:07 mú, ìfà 24 sí 26, ọkàn á wá bá yín níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ni kó le láàárín ọ̀sẹ̀, kí wákàtí 48 ó kéré tán wà láàárín wọn. Ọjọ́ kan 4×4, ọjọ́ kejì 500 mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹta, ogójì ìṣẹ́jú ní 2:28 sí 2:35, ìfà 18 sí 20, ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ ṣì lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń jẹ́ kí ọjọ́ méjì tó kù ṣeé ṣe.

Ti ooru: rower kò nílò iná ìjọba, bátìrì D méjì ló ń gbé ojú PM5, fífà yín náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Ara yín ni kò rí fáànù yàrá mọ́. Nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti fẹ́, òógùn kì í gbẹ lára, ọkàn á máa lù sókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé split kò yí padà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sẹ́kọ́ńdì 2 sí 3 dín eré kù, tàbí kẹ́ ẹ gé abala méjì kúrò. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí dára ju ọ̀sán lọ. Òtútù tó ń gba ara nínú ooru, orí fífọ́, òógùn tó dá dúró: ẹ dìde níbẹ̀, ẹ lọ sí ibi tó tutù, ẹ bu omi sára.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, tàbí tí àyà ń dùn, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ abala líle kankan kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àjẹ̀Gígùn

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi ìfà 24 fún 4×4. Ẹni tí ìdí rẹ̀ ń sá lọ bí ti Òwúrọ̀Kùtù, tó bá ń fi 24 wá 2:07, ìfà kọ̀ọ̀kan á wúwo fún ẹ̀yìn. Kí wọ́n lo 27 fún oṣù kan, kí agbára ìfà kọ̀ọ̀kan dín kù. Tí fídíò bá ti dára, kí wọ́n wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sí 24.

ÌlùỌkàn

Ó tọ́. Kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí ìpadà síwájú yára ju ìtì lọ. Bí ìtì bá gba ìwọ̀n kan, ìpadà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwọ̀n méjì. Ní 27, ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́.

ṢéènìTóMọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. 122 ní dámpà 6 ń sọ fún mi pé eruku ti wà nínú fáànù yẹn. Lórí èyí tó mọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ rí 120 ní nǹkan bí 4. Irin onihò wẹ́wẹ́ tó yí fáànù ká ni atẹ́gùn ń gbà wọlé; eruku ọyẹ́ àti irun kápẹ́ẹ̀tì ló ń dí i. Ẹ fi sukurudíráfà tú ìbòrí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ agbálẹ̀ fa eruku náà jáde, kẹ́ ẹ tún drag factor wò. Dámpà tẹ́ ẹ ń lò á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣéènì: lẹ́yìn gbogbo wákàtí 50, ṣíbí tíì kan ọ́ìlì sórí ìnujú. Ọ́ìlì mọ́tò 20W tó mọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ na ṣéènì jáde, ẹ fi ìnujú náà nù ún láti òpin dé òpin, ẹ wá fi èyí tó gbẹ nu èyí tó pọ̀ jù kúrò. Ẹ má fọ́n WD-40 sí i, ọ́ìlì inú ṣéènì ló máa fọ̀ dànù. Níbi tó bá sún mọ́ òkun, ìpẹtà ò ní dúró de wákàtí 50 yẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Irin tí ìjókòó ń yọ̀ lé kò gba ọ́ìlì rárá. Aṣọ tó tutù ni kẹ́ ẹ fi nù ún lójoojúmọ́. Dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọn yẹn ló ń mú kí ìjókòó máa ta gbọ́ngbọ́n.

Òwúrọ̀Kùtù

Ẹ kú làálàá. Ẹ̀rọ kejì tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá ju ìdìmú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í padà dé ibi tí wọ́n ń fi í kọ́ sí.

ṢéènìTóMọ́

Okùn rọ́bà tó ń fa ṣéènì padà ti dẹ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó ń bójú tó jíìmù dín in kù díẹ̀, kó tún dán an wò: ìdìmú gbọ́dọ̀ padà dé ilé fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kó má máa fa apá yín síwájú. Tó bá le jù, ó ń tètè já, ó sì ń wọ́ yín gba orí irin kẹ́ ẹ tó ṣe tán. Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹ má lò ó fún abala líle. Ìdìmú tó ń pẹ́ kó tó padà máa ń mú kí ṣéènì dẹ̀ níwájú, ìfà tó tẹ̀ lé e á sì já gbì lẹ́yìn èèyàn.